Hilux tó ń gbóná lórí òkè: kí la ó yẹ̀ wò kí a tó ṣí orí ẹ́ńjìnnì?

Oníṣu Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Hilux 2.7 ni, ti pẹtiróòlù, ẹ́ńjìnnì 2TR, gíà ọlọ́wọ́. Iṣu ló ń kó láti Òmù-Àrán gba Àjàṣẹ́ Ìpo wá sí Ìlọrin. Nínú ìlú, géèjì ooru kì í kọjá àárín, kódà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àmọ́ tó bá ti gbé ẹrù, tó wá kan òkè, tàbí tó sáré 90 fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ géèjì á máa gòkè títí á fi fẹ́ kan pupa. Tí a bá dẹ ẹsẹ̀, á rọra sọ̀ kalẹ̀. Omi ń dín, ó tó bí ìgò 75cl kan lọ́sẹ̀, a ò sì rí ibi tó ń kán sí nílẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti yọ támósítáàtì, fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, jù nù. Omi kànga ẹ̀rọ là ń dà sí i. Mẹkáníìkì ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti bílọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, ká gbé orí ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀. Kí la lè yẹ̀ wò kí owó yẹn tó jáde?

Mẹkáníìkì Gáà-Àkànbí

Ẹ ṣé tí ẹ to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ẹ dá ṣíṣí orí ẹ́ńjìnnì dúró ná. Ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná ló máa ń júwe ibi tí àrùn wà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì béèrè rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń gbóná lójú kan, tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ tó bá ti sáré, atẹ́gùn ni kò kàn án tó: fáànù, kílọ́ọ̀ṣì fáànù (ohun àárín fáànù tó ń gbé e yí), tàbí ike tó yí fáànù ká tó ti já dànù. Èyí tó dára lójú kan, àmọ́ tó ń gbóná lórí òkè àti lábẹ́ ẹrù, omi ni kò rìn tó, tàbí rédíétọ̀ ni kò lè lé ooru jáde bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń pèsè rẹ̀. Ẹ wo rédíétọ̀ tó dí nínú tàbí lóde, hóòsì ìsàlẹ̀ tó ń fún ara rẹ̀ pọ̀ lórí eré, bẹ́líìtì tó ń yọ̀, abẹ̀bẹ̀ inú wọ́tà pọ́ǹpù tó ti jẹ. Èyí tó gbóná kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé láàárọ̀, omi rẹ̀ ti lọ, afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, támósítáàtì há ní pípadé, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Tí ọwọ́ géèjì bá ń fò sókè sódò láìní ìdí, omi tó dín àti afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ tó wo wáyà.

Ti yín bọ́ sí oríṣi kejì. Gásíkẹ́ẹ̀tì náà lè ṣe é, àmọ́ òun la máa ń yẹ̀ wò kẹ́yìn, torí òun ló wọ́n jù láti ṣí.

Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó taná sí i, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi gbọ́dọ̀ kún dé ọrùn. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá òróró léfòó sí i. Ẹ tẹ hóòsì òkè àti ti ìsàlẹ̀: ṣé wọ́n dúró roboto, àbí wọ́n fà mọ́ra pẹlẹbẹ? Ẹ fi ọwọ́ yí fáànù. Ó yẹ kó fà mọ́ yín lọ́wọ́, kó má lè fi ara rẹ̀ yí kọjá ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá ń fò yíká bíi fáànù ìṣeré ọmọdé, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kú. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì lókè pẹ̀lú: tó bá rí bí ògì tí wọ́n po epo mọ́, omi ti wọ inú ọ́ìlì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ taná sí i pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, kí ẹ wo ọrùn rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè jáde níbẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Tí ìfóòfóò kéékèèké bá ń jáde láì dáwọ́ dúró, tó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń tẹ epo, gáàsì láti inú sílíńdà ló ń wọ omi. Ẹ pa á kí omi tó gbóná débi tó fi máa kún jáde. Tó bá tutù tán lẹ́yìn náà, ẹ dé e padà, ẹ taná, ẹ di hóòsì òkè mú: tó bá le koko bí igi láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, gásíkẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Ẹ mú èsì wá.

Awakọ̀ Ẹrù Àjàṣẹ́

Kí èsì tó dé, ẹ jẹ́ kí n kọ ti ojú ọ̀nà síbí, torí ẹlòmíràn lè máa kà á lẹ́bàá títì báyìí.

Bí ọwọ́ géèjì bá ti kúrò níbi tó máa ń dúró sí, ẹ pa AC, ẹ ṣí ooru inú ọkọ̀ (hítà) dé òpin kí fáànù rẹ̀ máa fẹ́ kíkankíkan, ẹ sọ fèrèsé kalẹ̀. Kò ní rọrùn fún ará inú ọkọ̀, àmọ́ rédíétọ̀ kékeré kejì lẹ ṣí fún ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ já gíà kan sílẹ̀, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Tó bá ṣì ń gòkè, ẹ wá ibi tó tẹ́jú. Tí kò bá sí èéfín omi, tí omi kò sì dà nù, ẹ má pa á lójijì. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí pọ́ǹpù àti fáànù lè gbé ooru kúrò lórí rẹ̀. Tí omi bá ń tú jáde, tàbí iná ọ́ìlì bá tàn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ fún ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán. Omi inú rẹ̀ ti kọjá 100°C, fífún tí ìdérí fún un pa ni kò jẹ́ kó hó. Bí ẹ bá ṣí i, ohun gbogbo á di ooru gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àti àyà ni yóò sì tú sí. Hóòsì òkè gbọ́dọ̀ rọ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi aṣọ nípọn bò ó, ẹ yí i dé ìdúró àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó mí tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì yọ ọ́.

Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ìbáà ṣe lóde tàbí nínú. Orí rẹ̀ alumíníọ̀mù ni. Á wọ́, tàbí kó sán. Gásíkẹ́ẹ̀tì náà lè ti ibẹ̀ bàjẹ́. Ohun kan tún ń tan awakọ̀ jẹ: tí ọwọ́ géèjì bá ṣàdédé já wálẹ̀ sí tútù nígbà tí òórùn gbígbóná ṣì ń bọ̀, ẹ má yọ̀. Omi ti lọ, inú afẹ́fẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ wà. Tí ooru inú ọkọ̀ bá ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà tí géèjì wà lókè, ohun kan náà ló ń sọ.

Tó bá jẹ́ hóòsì ló lu díẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi rọ́bà tíúbù táyà wé e pinpin, ẹ dé ìdérí dé ìdúró àkọ́kọ́ nìkan kí agbára má pọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ má sáré kọjá 50, kí ẹ dúró wo omi ní kìlómítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí wà fún dídé ilé nìkan. Lítà omi mẹ́wàá, kílíìpù hóòsì méjì, bẹ́líìtì kan, àti sukudiráfà kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́yìn ìjókòó.

Onírédíétọ̀ Ọ̀fà

Ẹ kú ìtura. Èmi máa sọ ti rédíétọ̀, torí omi kànga ẹ̀rọ tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ti ń pariwo sí mi létí.

Ìdíwọ́ méjì ló wà. Ti ìta: láàárín kọ́ńdẹ́ńsà AC (èyí tó rí bíi rédíétọ̀, tó wà níwájú rẹ̀) àti rédíétọ̀ ni ó máa ń fara pa mọ́ sí. Iwájú á mọ́ tónítóní, àmọ́ eruku ọyẹ́, irúgbìn koríko àti kòkòrò ti di fùlọ̀ sáàárín méjèèjì. Ẹ tú ike òkè, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín wọn. Ẹ fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì sí iwájú, torí iwájú ni ìdọ̀tí gbà wọlé. Omi hóòsì ilé tó. Ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára, tí ẹ bá gbé e sún mọ́ ọn, á tẹ àwọn abẹ́ alumíníọ̀mù yẹn dùbúlẹ̀, atẹ́gùn ò sì ní rí ọ̀nà mọ́. Ọkọ̀ tó ń wọ oko gbọ́dọ̀ rí èyí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ.

Ti inú: omi kànga ẹ̀rọ ní ohun alumọ́ni tó máa ń dì mọ́ ara irin bí ẹfun ṣe ń dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀nà omi inú rédíétọ̀ yìí tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, ẹfun tó fẹ́lẹ́ bí bébà ti tó láti dín ín kù. Èyí tó tún burú ni pé ẹfun kì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Ìpata láti ara bílọ́ọ̀kù á wá parí iṣẹ́ náà.

Bí a ṣe ń mọ̀: ẹ gba ẹ̀rọ ìwọn-ooru tó rí bí ìbọn. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ pa á, kí fáànù dúró, kí ẹ yára wọn ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìlà ní ìlà. Ooru gbọ́dọ̀ máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá kan ìlà tó tutù ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ ní 20 tàbí 30, omi ò gba ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ lásán náà lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún fáànù.

Rédíétọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ bàbà, a lè yọ́ òjé rẹ̀, ká ṣí i, ká fi ọ̀pá gún ọ̀nà omi, ká tún jó o padà. Ti Hilux yìí alumíníọ̀mù ni, ìkòkò ike ló wà lókè àti nísàlẹ̀, eyín irin ló sì dì í mú. Ó ṣeé ṣí, ó gba sùúrù, rọ́bà tuntun sì gbọ́dọ̀ wọ ọ́. Àmọ́ tí eyín wọ̀nyẹn bá ti ṣí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á máa kán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da sódà ọlọ́ṣẹ, kọ́sítíìkì, sínú rẹ̀. Kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ̀mù. Tó bá jẹ́ ẹfun ló pọ̀ jù, sítíríìkì ásíìdì, gíráàmù 50 sí lítà omi kan, kó ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tó lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ dà á nù, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án títí tí omi tó ń jáde á fi mọ́ kedere. Kì í kéré sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ mú rúlà lọ. Ẹ wọn nípọn èyí tó wà lára ọkọ̀. Tó bá jẹ́ 26 mm, ẹ má gba 16 mm, bó ti wù kí gíga àti fífẹ̀ wọn bára mu tó. Á dára nínú ìlú, ẹrù iṣu á tú àṣírí rẹ̀ lórí òkè.

Ọmọ Sábó-Òkè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ti támósítáàtì yìí, ṣebí àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù ló wà fún? Ooru oṣù kẹta wa níbí, kí la fẹ́ fi ohun tó ń dí omi lọ́nà ṣe?

Mẹkáníìkì Gáà-Àkànbí

Àbúrò, ìbéèrè gidi ni, torí ẹ̀kọ́ yìí ti ba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹ́ ní Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kí n là á.

Ooru ìta wa 38°C ni lọ́jọ́ tó burú. Támósítáàtì yìí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí títí omi á fi dé bíi 82°C. Nítorí náà kò sí oòrùn kankan tó sọ ọ́ di aláìwúlò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ẹ́ńjìnnì dé ibi tí ọ́ìlì ti ń ṣàn dáadáa, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì dín epo kù. Ọkọ̀ tí kò ní in máa ń pẹ́ kó tó gbóná, kọ̀ǹpútà á máa rò pé àárọ̀ ni, á máa da epo sí i, ọ́ìlì á máa dọ̀tí.

Èyí tó kan ẹrù àti òkè ni wọn kì í sọ. Lórí irú 2TR yìí, ọ̀nà omi méjì ló wọ pọ́ǹpù: ọ̀kan láti rédíétọ̀, ọ̀kan láti ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ tí kò gba rédíétọ̀ kọjá. Támósítáàtì ní orí méjì. Bí ó ti ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ìdí rẹ̀ ń dí ọ̀nà kejì yẹn. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà kejì wà ní gbayawu títí láé. Omi gbígbóná kan á wọ rédíétọ̀, èyí tó kù á kàn yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láì tutù. Lójú kan ẹ ò ní mọ̀. Lórí òkè, nígbà tí gbogbo omi yẹ kó gba rédíétọ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ géèjì á ti gòkè. Ẹ tún ka ohun tí Oníṣu kọ lókè.

Láti dán an wò kí ẹ tó fi sí i: ẹ so ó kọ́ sínú ìkòkò omi, kó má kan ìdí ìkòkò, kí ẹ ti ẹ̀rọ ìwọn-ooru bọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n kọ 82 sí lára gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84, kó sì ṣí tó nǹkan bí 10 mm ní 95. Tó bá ṣí díẹ̀ tó dúró, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ihò kékeré tó ní ìṣó tó ń mì nínú gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ má gba èyí tó kéré sí ìwọ̀n, tí wọ́n ní ó wà fún ilẹ̀ gbígbóná. Ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò fi agbára kún rédíétọ̀.

Rìwáyà Gánmọ

Ẹ má gba géèjì dáàṣìbọ́ọ̀dù gbọ́ tán. Ọ̀pọ̀ Toyota, àárín ni ọwọ́ rẹ̀ ń dúró sí bí ooru tilẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìgbà tó bá ṣí kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti jìnnà. Ẹ ki ẹ̀rọ Bluetooth kékeré bọ ihò OBD, ihò tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ẹ fi fóònù ka ooru omi, tàbí kí ẹ fi ìbọn ìwọn-ooru wọn ibi tí hóòsì òkè ti jáde lára ẹ́ńjìnnì. Tí géèjì bá ní pupa, tí ibẹ̀ jẹ́ 88, wáyà sẹ́ńsọ̀ tàbí áàsì (wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀) ló ní ẹjọ́.

Fún àwọn tó ń lo ọkọ̀ oní-fáànù iná: ẹ fún fáànù ní iná 12V tààrà láti bátìrì. Tó bá yí, ẹ wo fíúùsì, rìlé, sẹ́ńsọ̀, lẹ́yìn náà áàsì. Ẹ má so ó tààrà mọ́ kọ́ńtáàtì, ibi kọ́kọ́rọ́ ìtaná, títí láé. Fáànù tó ń yí láti àárọ̀ di alẹ́ á jó, ojú ọ̀nà ni yóò sì ti jó.

Oníṣu Òmù-Àrán

Èsì rèé. Omi fi ìka méjì dín sí ọrùn, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí amọ̀, kò sí òróró lórí rẹ̀. Hóòsì òkè fà mọ́ra pẹlẹbẹ láàárọ̀. Fáànù fà mọ́ ọwọ́ dáadáa. Ọ́ìlì mọ́, kò sí ògì níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, ìfóòfóò jáde lẹ́ẹ̀mẹta péré níbẹ̀rẹ̀, ó dúró. Hóòsì kò le. Pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ kan náà, bí àwọ̀ búrẹ́dì. Ìbọn ìwọn-ooru: òkè rédíétọ̀ 94, àárín 85, àmọ́ ìlà márùn-ún lápá òsì wà ní 55 sí 60. Sáàárín kọ́ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀, koríko kún un. Lábẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù, ihò kékeré kan wà tí nǹkan funfun gbẹ sí lẹ́nu, ó sì ṣàn wálẹ̀ bí ipa omijé.

Mẹkáníìkì Gáà-Àkànbí

Iṣẹ́ yín pé. Kò sí ohun tó tọ́ka sí gásíkẹ́ẹ̀tì nínú gbogbo èyí. Tí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi oògùn aláwọ̀ búlúù dán ọrùn rédíétọ̀ wò. Afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ ni wọ́n ń fà gba inú rẹ̀ kọjá, tó bá di yẹ́lò, gáàsì wà níbẹ̀. Ti dísù, àwọ̀ ewé ló ń dà.

Ihò yẹn ni omi yín ń bá lọ. Wọ́n dá a sábẹ́ pọ́ǹpù fún èyí gan-an: tí síìlì inú bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi á ti yọ kó má baà wọ bẹ́ríǹ. Lórí eré, ara gbígbóná ló ń gbẹ ẹ́ kó tó kán sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i. Ẹ di fáànù mú, ẹ mì ín síwá sẹ́yìn. Tó bá ń mì, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, torí orí ọ̀pá pọ́ǹpù ni fáànù jókòó sí, inú rédíétọ̀ ló máa wọ̀ tí bẹ́ríǹ bá kán. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá jáde, ẹ wo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Omi ìpata máa ń jẹ ẹ́ kù bí eyín arúgbó.

Hóòsì tó fà mọ́ra, ìdérí ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń tutù, omi ń súnkì, fáàfù kékeré àárín ìdérí ló yẹ kó fa omi padà láti ike rìsáfà, ike omi àfikún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Tirẹ̀ há. Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, 0.9 tàbí 1.1 bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí orí rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ìdérí ń dì mú. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì: omi lásán ń hó ní nǹkan bí 100°C, 0.9 ń gbé e dé nǹkan bí 118. Ìdérí tó ti rọ ń gba gbogbo àyè yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì fi èyí tó ga ju nọ́ńbà lọ sí i. Ìkòkò ike ni yóò fọ́.

Nítorí náà: pọ́ǹpù, ìdérí, támósítáàtì, bẹ́líìtì tó bá ti sán, àti rédíétọ̀ lọ́dọ̀ Onírédíétọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀, kí ẹ má baà da omi tuntun nù lẹ́ẹ̀mẹta.

Dísù Ìgbàjà

Fún àwọn tí ìdánwò ti sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́, pàápàá àwọn oní-Hilux dísù 2.5 àti 3.0. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n to gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ orí ẹ́ńjìnnì tó ti wọ́. Rúlà irin tó tọ́ àti fílà géèjì (abẹ́ irin fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) ni wọ́n fi ń wọn ojú rẹ̀, ní gígùn, ní ìbú, àti ní ìkọ̀rọ̀ sí ìkọ̀rọ̀. Tó bá ti kọjá ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀, kò ṣeé tò padà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún sísán pẹ̀lú, torí láàárín fáàfù ni orí dísù ti máa ń sán. Orí dísù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fá lójú bí ti pẹtiróòlù: fáàfù á sún mọ́ písítìnì jù. Gásíkẹ́ẹ̀tì dísù sì ní nípọn oríṣiríṣi, gẹ́gẹ́ bí písítìnì ṣe yọ kọjá ojú bílọ́ọ̀kù; àmì tí wọ́n gé sí etí ti àtijọ́ ló ń sọ èyí tí ẹ máa rà. Bóòtì tuntun, láti àárín sí ìta, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù kankan sí ojú gásíkẹ́ẹ̀tì yìí. Kí wọ́n má sì fi dísíìkì ìlọ̀ fọ ojú bílọ́ọ̀kù.

Oníṣu Òmù-Àrán

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yà ti pé. Báwo la ṣe máa bu omi sí i, irú omi wo?

Onírédíétọ̀ Ọ̀fà

Kúláǹtì ni, kì í ṣe omi lásán. Ohun tó ń dá ìpata dúró tó sì ń ṣìkẹ́ síìlì pọ́ǹpù wà nínú rẹ̀. Òtútù nìkan kọ́ ló wà fún. Èyí tí wọ́n kọ sí i pé ó ti pò tán, ẹ má pò ó mọ́. Ti yín yìí, ẹ ra ògidì, torí omi tí ẹ fi ṣàn ẹ́ńjìnnì ò ní jáde tán, ó lè ṣẹ́kù lítà méjì sí mẹ́ta nínú bílọ́ọ̀kù, á sì sọ èyí tí wọ́n ti pò di fífẹ́lẹ́. Wo ìwé ọkọ̀ fún iye tó ń gbà. Tó bá jẹ́ lítà 8, ẹ kọ́kọ́ da ògidì lítà 4 sí i, kí ẹ wá fi omi kún un. Ẹ má da aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ pupa. Àwọn kan máa ń dì bí ẹ̀kọ.

Omi tí ẹ máa fi pò ó: omi bátìrì inú ike tí wọ́n lẹ̀ pa, àmọ́ ẹ bi ẹni tó tà á dáadáa, torí irú méjì ni wọ́n ń tà, ọ̀kan ní ásíìdì. Òun kọ́. Omi òjò tí ẹ gbé abọ́ kalẹ̀ ní gbangba gbè, tí ẹ fi aṣọ sẹ́, dára. Ti orí páànù kò dára, piọ wọ́tà sì jẹ́ omi kànga ẹ̀rọ tí wọ́n sẹ́ lásán, ẹfun rẹ̀ ṣì lè wà nínú rẹ̀. Oògùn tó ń dí ibi jíjò, ata gbígbẹ, ẹyin, ẹ má jẹ́ kí ìkankan wọ rédíétọ̀ tuntun. Ọ̀nà omi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń dí kí wọ́n tó dí ibi tó ń jò.

Bíbu rẹ̀ gan-an: ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sí ibi tó ga díẹ̀, kí ọrùn rédíétọ̀ jẹ́ ibi tó ga jù. Ṣí ooru inú ọkọ̀ dé òpin. Ẹ bu ú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fún hóòsì òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹ ṣe ń bu. Ẹ taná, ẹ gbé eré ẹ́ńjìnnì sí bíi 1,500 sí 2,000 RPM (ìyípo ní ìṣẹ́jú kan), ẹ máa fi kún un bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí támósítáàtì bá ṣí, hóòsì ìsàlẹ̀ á gbóná lójijì, omi á sì rì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kún un, ẹ dé e, ẹ bu ike rìsáfà dé àárín LOW àti FULL. Ooru inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ gbígbóná déédéé. Tó bá ń tutù tó ń gbóná, afẹ́fẹ́ ṣì wà.

Oníṣu Òmù-Àrán

A ti ṣe é. Rédíétọ̀ tuntun 26 mm, pọ́ǹpù, ìdérí 0.9, támósítáàtì 82 tí a sè kí a tó fi sí i: ó bẹ̀rẹ̀ ní 81, ó ṣí tán. Abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù àtijọ́ ti jẹ tó ìlàjì. Ẹrù iṣu kan náà, láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, AC wà ní títàn, OBD kò kọjá 93 lórí òkè, 85 sí 88 níbi tó tẹ́jú. Ike rìsáfà sọ̀ kalẹ̀ fìn-ín láàárọ̀ kejì, kò tó ìka kan.

Mẹkáníìkì Gáà-Àkànbí

Afẹ́fẹ́ tó kù ló jáde, ọkọ̀ sì fa omi rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi kún un dé àmì, kí ẹ tún wò ó láàárọ̀ mẹ́ta sí i, nígbà tó bá tutù. Tó bá dúró lójú kan, ó parí. Tó bá tún ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà wá, ká fi pọ́ǹpù ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dé 0.9 fún ìṣẹ́jú 15 ní tútù, ká wo ibi tó ń gbà jáde.